Bí a ṣe ń yan POP, tí a sì ń fi ṣe mọ́ọ̀dù fún ife amọ̀

Ìyẹ̀fun funfun tí àwọn tó ń ṣe àjà ilé ń pè ní POP kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rà á láìbèèrè, tó sì fi ojú wọn omi sí i, lè ṣe mọ́ọ̀dù tó dára lónìí, kí èyí tó bá ṣe lọ́la máa rún bí ẹfun. Omi ló ń fa ìyàtọ̀ náà: iye tí POP gbà, bí omi ọ̀hún ṣe gbóná tó, àti bí ó ṣe jáde kúrò nínú mọ́ọ̀dù lẹ́yìn iṣẹ́. Mọ́ọ̀dù alápá méjì, tí a ń da amọ̀ olómi sí láti fi ṣe ife, ni a máa tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níhìn-ín, nítorí òun ló ń bèèrè ìṣọ́ra jù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, mọ́ọ̀dù kọ́nísì, ọnà etí àjà ilé, kò lè dà á láàmú.

Ohun tó wà nínú àpò

Òkúta rírọ̀ kan tó ń jẹ́ jípúsọ́mù ni wọ́n fi ń ṣe POP. Ní Nàìjíríà, wọ́n ń wà á ní Nafada ní ìpínlẹ̀ Gombe àti ní agbègbè Fika ní ìpínlẹ̀ Yobe. Nítorí èyí tí wọ́n ń wà ní òkè Montmartre ní ìlú Paris láyé àtijọ́ ni wọ́n ṣe sọ ìyẹ̀fun rẹ̀ ní "plaster of Paris", tí gbogbo wa gé kúrú sí POP. Omi wà nínú òkúta náà fúnra rẹ̀, bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Tí wọ́n bá yan án ní nǹkan bí 120 sí 160°C, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi yẹn á fò lọ, wọ́n á sì lọ ìyókù kúnná. Nígbà tí ẹ bá tún da omi sí i, ṣe ló ń padà di òkúta. Kírísítà tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú omi náà, wọ́n á há mọ́ ara wọn, ara rẹ̀ á sì gbóná.

Ibi tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Omi tí 100 g POP nílò láti padà di òkúta kò pé 19 g. Gbogbo omi yòókù tí a ń fi pò ó, kí ó lè ṣàn dé ibi gbogbo ni. Omi àfikún yìí máa gbẹ, ààyè tó bá fi sílẹ̀ á sì di ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Àwọn ihò yẹn ló ń fa omi kúrò nínú amọ̀. Bí omi bá pọ̀, mọ́ọ̀dù á fa omi dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní lágbára. Bí omi bá kéré, á le koko, ṣùgbọ́n amọ̀ ò ní gbẹ nínú rẹ̀.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yan jípúsọ́mù. Èyí tí wọ́n yan nínú ìkòkò ńlá tó ṣí sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní béétà. Wóró rẹ̀ kò dọ́gba, ó kún fún ihò, nítorí náà ó ń mu omi púpọ̀: 60 sí 80 g omi fún 100 g POP. Èyí tí wọ́n fi ooru omi sè nínú ìkòkò tí wọ́n dé pa ni álífà. Wóró tirẹ̀ dì mọ́ra, 28 sí 45 g omi sì ti tó o.

Béétà ni ti mọ́ọ̀dù amọ̀ olómi. Àwọn tó ń ta ohun èlò amọ̀kòkò ní Amẹ́ríkà àti Bíríténì ní èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an; No. 1 Pottery Plaster ti ilé iṣẹ́ USG, fún àpẹẹrẹ, ń gba 70 g omi sí 100 g. Ní Nàìjíríà, POP tí wọ́n fi ń da kọ́nísì ló sábà máa ń wà nítòsí. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dù. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, nítorí wọ́n ti fi èròjà tó ń fa dídì sẹ́yìn sínú ti ògiri. Ẹ má sì gbà kí wọ́n ta símẹ́ńtì funfun fún yín. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ti ń tà wọ́n, àwọ̀ wọn sì jọra, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì kì í ṣe POP rárá.

Álífà ló yẹ fún ohun tó gbọ́dọ̀ le: ẹ̀dà tí a ń dà sínú mọ́ọ̀dù rọ́bà, tàbí ìyá mọ́ọ̀dù tí a ó máa da àwọn mọ́ọ̀dù mìíràn lára rẹ̀. Nínú àwọn álífà USG, Hydrocal White ń gba 45 g omi sí 100 g, Ultracal 30 ń gba 38, Hydro-Stone ń gba 32. Ní Bíríténì, Crystacal R wà ní ìpele yìí kan náà. POP máa ń wú díẹ̀ bí ó ṣe ń dì, wíwú ti Ultracal 30 sì kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ìyá mọ́ọ̀dù fi fẹ́ràn rẹ̀. POP àwọn oníṣègùn eyín, irú èyí tó ń gba nǹkan bí 30 g omi sí 100 g, dára fún iṣẹ́ kékeré tó ní ọnà wẹ́wẹ́, bí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí bọ́tìnnì. Ó wọ́n jù fún ife.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da idẹ yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù POP lásán. Omi tó wà nínú òkúta náà á di ooru lójijì, mọ́ọ̀dù á fọ́, idẹ gbígbóná á sì ta síni lára. Mọ́ọ̀dù amọ̀ ni àwọn asúdẹ Ifẹ̀ àtijọ́ ń lò, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Kí ẹ tó ra àpò púpọ̀, ẹ dán an wò. Ẹ po 100 g pẹ̀lú 70 g omi nínú kọ́ọ̀bù onírọ́bà, kí ẹ sì wo aago. Èyí tó dára á gbóná lọ́wọ́, èékánná ò sì ní lè wọ̀ ọ́ mọ́ láàárín 15 sí 30 ìṣẹ́jú. Bí ó bá kọjá wákàtí kan tó ṣì rọ̀, tàbí tí kò gbóná rárá, ọ̀rinrin ti wọ inú àpò yẹn. Ìyẹ̀fun tó ní kókó tí kò fọ́ mọ́ ọwọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé èyí tí ẹ bá rà sórí pákó, kí ó má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Lásìkò òjò, ẹ da èyí tí ẹ bá ti ṣí sínú ike tó ní ìdérí.

Àwòṣe àti àpótí

Àwòṣe ni ẹ̀dà ife tí a máa da POP bò. Tiwa ga ní 9 cm, ibi tí ikùn rẹ̀ ti yọ jù fẹ̀ ní 8 cm, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìdí tó bá ní kòtò nílò apá kẹta. Amọ̀ máa ń sún kì; bí tiyín bá ń sún kì ní ìdá 12 nínú 100, àwòṣe tó fẹ̀ ní 8 cm á fún yín ní ife tó fẹ̀ ní 7 cm lẹ́yìn tó bá jáde nínú iná. Àwòṣe ni kí ẹ mú tóbi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi amọ̀ tó ti gan díẹ̀ ṣe àwòṣe, kí ẹ sì fi kàǹkàn tútù dán ara rẹ̀, nítorí POP á kọ gbogbo àmì ìka sílẹ̀. Ẹ fi ọrùn kan tó ga ní 2.5 cm kún ẹnu ife. Ibẹ̀ ni amọ̀ olómi á gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti gé e bó bá yá. Ẹ wá fa ìlà yí àwòṣe ká láti ẹnu dé ìdí, kí ó pín in sí méjì géérégé. Bí ìlà yìí bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ju ibi tó fẹ̀ jù lọ, mọ́ọ̀dù á kọ́ àwòṣe lára, kò sì ní jáde láìfọ́.

Ẹ tẹ́ àwòṣe náà sórí ibùsùn amọ̀ rírọ̀, kí ẹ fi amọ̀ kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí dé ìlà yẹn, kí ojú ibùsùn náà tẹ́, kí ó sì mọ́ àwòṣe lára láìsí àlàfo. Ẹ fi pákó mẹ́rin tí wọ́n lẹ fọ́míkà mọ́ yí i ká. Nǹkan bí 3.5 cm ló gbọ́dọ̀ wà láàárín àwòṣe àti pákó, àti lókè rẹ̀. Ọrùn nìkan ló máa kan pákó. Ẹ fi okùn rọ́bà tí ẹ gé lára tíúbù ọkọ̀ dè é pinpin, kí ẹ sì fi amọ̀ dí gbogbo igun láti ìta. POP tútù ń wá ihò ju omi lọ.

Ìṣirò

Lítà kan POP tí a ti pò ń gba 930 g POP àti 650 g omi. Ẹ rántí méjèèjì, ẹ ò ní nílò ìwé mọ́.

Àpótí wa jẹ́ 15 cm ní òró, 15 cm ní ìbú, jíjìn rẹ̀ láti ojú ibùsùn amọ̀ sì jẹ́ 7.5 cm. Ìyẹn jẹ́ 1,687 cm³. Ìdajì ife àti ọrùn tó wà nínú rẹ̀ kò ju 290 cm³ lọ. Ó ku bí lítà 1.4. Nítorí náà: 1,300 g POP, 910 g omi. Sìkéèlì ilé ìdáná ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, àti omi pẹ̀lú. Agolo kì í ṣe òṣùwọ̀n POP, torí pé ìyẹ̀fun tí a tẹ̀ mọ́ agolo lè fi púpọ̀ wúwo ju èyí tí a bù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ìdí pàtàkì mìíràn wà tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Apá méjèèjì mọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ gba omi iye kan náà. Bí ẹ bá pò ọ̀kan ní 70, tí èkejì bọ́ sí 85, ẹ̀gbẹ́ kan ife á nípọn ju èkejì lọ, á sì ya lójú ìpàdé wọn bó bá ń gbẹ.

Pípò

1. Ẹ fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà títí kò ní sí eérún POP àná lára rẹ̀. Eérún tó ti dì jẹ́ irúgbìn tí kírísítà tuntun ń hù sí lára. Ó lè jẹ́ kí POP dì mọ́ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó dà á.

2. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí ó mọ́, kí ó sì wà ní nǹkan bí 20 sí 25°C. Omi tó ti jókòó sínú táǹkì lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gbóná jù, POP á yára dì. Omi inú àmù dára, tàbí ti òwúrọ̀ kùtùkùtù.

3. Ẹ fi ìbòmú bo imú. Ẹ máa fún POP sójú omi káàkiri, díẹ̀díẹ̀, fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ẹ má dà á gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tó fẹ́ ro àmàlà.

4. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta láìfọwọ́ kàn án. Omi á wọ inú wóró kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì jáde. Àwọn tó ń kánjú fo ibí yìí ni ojú mọ́ọ̀dù wọn ń kún fún ihò bí ojú àkàrà.

5. Ẹ wá rò ó fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́rin. Bí ọwọ́ ni ẹ ó lò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ọwọ́ wà nísàlẹ̀, kí ìka máa fọ́ kókó, kí ó má sì máa jáde sókè wọlé, torí ìyẹn ló ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Rírò tó kéré ń sọ mọ́ọ̀dù di aláìlágbára. Èyí tó pọ̀ jù ń mú kó yára dì.

6. Ẹ fi ìka fa ìlà sójú rẹ̀. Bí ìlà náà bá pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò tíì tó. Bí ó bá dúró díẹ̀ kó tó pa rẹ́, tí gbogbo rẹ̀ sì rí bí ògì tó ki, ó ti tó dà.

7. Igun àpótí kan ni kí ẹ ti dà á, ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́, kí ó gòkè bo àwòṣe fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá dà á sórí àwòṣe tààrà, ibi tó bá bà á máa le ju ibòmíràn lọ, amọ̀ ò sì ní gbẹ níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde.

Nígbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki, ẹ má bu omi sí i kó lè tún ṣàn. Kírísítà ti ń há mọ́ra nígbà yẹn. Omi tuntun àti rírò á kàn fọ́ wọn ni, mọ́ọ̀dù náà ò sì ní le mọ́ láé. Ẹ dà á nù. Iyọ̀ ń mú POP yára, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n a kì í fi èyíkéyìí sínú mọ́ọ̀dù amọ̀ olómi. Ẹni tí àsìkò kò bá tó kí ó fi omi tútù pò ó, kí ó sì po díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ sínú POP kó máa dúró kó dì. POP tó nípọn lè gbóná kọjá 60°C, ẹni tó bá sì ti há sínú rẹ̀ kò ní lè yọ ara rẹ̀. Lọ́dún 2007, ní Lincolnshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 kan pàdánù ọ̀pọ̀ ìka ọwọ́ rẹ̀ báyìí nínú iṣẹ́ ọnà ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ má fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú síǹkì. POP ń dì lábẹ́ omi, á dí páìpù pa. Ẹ fọ̀ ọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ da omi orí rẹ̀ nù síta, kí ẹ kó ìdí rẹ̀ sínú pàǹtí.

Apá kejì

Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, POP á ti gbóná tán, á sì ti ń tutù. Ẹ tú pákó, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ ṣí ibùsùn amọ̀ kúrò. Ẹ má yọ àwòṣe o! Bó bá kúrò ní àyè rẹ̀, kì í padà síbẹ̀ géérégé mọ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí gbẹ́ ihò róbótó mẹ́ta sójú POP, kí wọ́n má jìn jù, kí ẹnu wọn fẹ̀ ju ìdí lọ. POP apá kejì á wọ inú wọn, á di kókó tí á máa mú apá méjèèjì bá ara wọn.

POP tuntun ń lẹ̀ mọ́ POP tó ti dì bí ẹni pé wọn ò tíì yàtọ̀ rí. Ọṣẹ ló ń yà wọ́n. Ọṣẹ rírọ̀ tí wọ́n fi eérú sè ló dára jù, èyí tó túmọ̀ sí pé ọṣẹ dúdú wúlò níhìn-ín: ẹ yọ́ ọ sínú omi gbígbóná, ẹ sẹ́ ẹ kúrò nínú eérú àti pàǹtí, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún sójú POP, ẹ fi kàǹkàn tútù nu ìfóófòó kúrò, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹ bá wọ́n omi sí i tó ń yí kúrò bí omi orí ewé kókò, ó ti tó. Ẹ má kùn ún sára àwòṣe amọ̀; amọ̀ tútù kì í lẹ̀ mọ́ POP, ọṣẹ tó bá sì kù sára ibi tí amọ̀ olómi máa kàn kò ní jẹ́ kó fa omi. Gírísì àti báásílínì burú ju ọṣẹ lọ fún ìdí kan náà.

Ẹ to pákó padà, ẹ dí igun, kí ẹ tún po 1,300 g àti 910 g. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fi igi tín-ín-rín gún ojú ìpàdé wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi là. Ẹ yọ àwòṣe, ẹ fi ọ̀bẹ fá gbogbo etí tó mú, nítorí etí bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹ́ bọ́ sínú amọ̀. Eérún POP kan ṣoṣo nínú amọ̀ lè mú kí ara ife bẹ́ lẹ́yìn tó ti jáde nínú iná. Ẹ má ṣe iṣẹ́ POP àti iṣẹ́ amọ̀ lórí tábìlì kan náà.

Gbígbẹ

Ìwọ̀n ni ẹ ó fi mọ̀ bó bá ti gbẹ. 1,300 g àti 910 g jẹ́ 2,210 g. Nínú omi yẹn, nǹkan bí 242 g ti di ara òkúta. 668 g tó kù gbọ́dọ̀ jáde. Nítorí náà apá kan tó gbẹ tán á wọn bí 1,540 g, dín ohun tí ẹ bá fá kúrò. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ méjì léraléra tí kò sì dín mọ́, ó ti gbẹ. Ojú lásán kò tó láti mọ̀ ọ́n, torí pé ara rẹ̀ á ti funfun nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì tutù.

Ẹ fi rọ́bà de apá méjèèjì pọ̀ kí wọ́n má bàa tẹ̀, kí ẹ sì gbé e sórí igi méjì kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ ó lè gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lásìkò òjò, ẹ lo fáànù. Ooru kò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bí 45°C. Ẹni tó bá gbé e ka ẹ̀gbẹ́ iná ìkòkò ń tún un yan ni, omi inú òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ojú rẹ̀ á sì di ìyẹ̀fun.

Dídà amọ̀ olómi

Ẹ da amọ̀ olómi kún un dé ọrùn láìdúró. Bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀, ẹ máa fi kún un. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ wo bí amọ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ inú mọ́ọ̀dù ṣe nípọn létí ọrùn. 4 mm tó fún ife. Ẹ da ìyókù padà, ẹ dorí mọ́ọ̀dù kodò lórí igi méjì. Ife á fà kúrò lára mọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí kan sí méjì. Ẹ da ife àkọ́kọ́ nù, torí òun ló ń gbé ọṣẹ àti ìyẹ̀fun jáde.

Bí ife bá lẹ̀ mọ́ ọn, tí mọ́ọ̀dù sì gbẹ dáadáa, ẹ wá ibi tí ìlà ìpín ti yẹ̀, tàbí ibi tí ọṣẹ kù sí. Bí ife kìíní bá jáde láyọ̀ tí ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin ní ọjọ́ kan náà ń pẹ́, mọ́ọ̀dù ti mu omi yó. Ẹ jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn oṣù bí mélòó kan, ìrun funfun lè hù síta mọ́ọ̀dù. Iyọ̀ ni, láti inú sódíọ́ọ̀mù sílíkéètì tí a fi ń jẹ́ kí amọ̀ ṣàn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n kúrò níta, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Bí ó bá ń hù nínú, níbi tí ife ń kàn, ẹ máa de apá méjèèjì pọ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá ń gbẹ, kí ẹ sì dí ẹnu ọrùn, kí omi lè gba ẹ̀yìn jáde, kí iyọ̀ sì bá a lọ síbẹ̀.